Warren Harding, ààrẹ Amẹ́ríkà: ṣé òun ló jalè ni àbí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀?

ỌmọLísàbi:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin tilé àtẹ̀yin tòkè òkun. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa tá a máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ní Sápọ́n, mo ní kí n gbé e wá síbí kẹ́ ẹ bá wa dá sí i torí ó ti fẹ́ dìjà. À ń sọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà tí orúkọ wọn bàjẹ́, gbogbo èèyàn ń pariwo Nixon, Nixon, èmi wá ní ká má gbàgbé Warren Harding, ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bá bínú sí mi pé kí n yéé ba òkú olókùú lórúkọ jẹ́, pé ọkùnrin yẹn ò jí kọ́bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó fọkàn tán ló jalè. Mo wá lọ kà nípa ẹ̀ dáadáa, kàkà kọ́rọ̀ ọ̀hún tán lọ́kàn mi, ṣe ló tún ń pọ̀ sí i.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Ohio ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1865. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ra ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tó ti ń kú lọ nílùú Marion, Marion Star lorúkọ ẹ̀, lọ́dún 1884. Òun ló gbé e dìde tó fi dohun tó ń mówó wọlé. Florence ìyàwó ẹ̀ tó fẹ́ lọ́dún 1891 náà ò kẹ̀rẹ̀ o, òun ló ń darí àwọn ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn kiri ìgboro. Ibí yìí ló ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn, torí ìlú tí Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1859 ni wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun, èèyàn mi ni.

Ó di séńétọ̀ lọ́dún 1915, ó dupò ààrẹ lọ́dún 1920. Kò fi bẹ́ẹ̀ rìn kiri tọrọ ìbò, ìloro ilé ẹ̀ ní Marion ló jókòó sí, àwọn èèyàn ló ń wọ rélùweè wá bá a níbẹ̀. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó ti rẹ gbogbo ayé, òun wá ń ṣèlérí pé nǹkan á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 60 nínú gbogbo 100 ìbò ló gbà, ìdìbò ààrẹ àkọ́kọ́ sì nìyẹn lẹ́yìn tófin ti fún àwọn obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ ìbò jákèjádò Amẹ́ríkà.

Bó ṣe wọlé báyìí ló kó àwọn èèyàn ẹ̀ wọlé. Harry Daugherty tó ṣètò ìbò fún un, ó fi ṣe agbẹjọ́rò àgbà. Charles Forbes ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ní kó máa bójú tó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lógun. Albert Fall tí wọ́n jọ wà ní Sẹ́nétì, ó fi ṣe mínísítà tọ́rọ̀ ilẹ̀ ìjọba wà níkàáwọ́ ẹ̀. Wọ́n á jọ máa ta káàdì nínú ilé ààrẹ, wọ́n á máa mu ọtí lásìkò tófin ní kẹ́nikẹ́ni má ta ọtí, kẹ́nikẹ́ni má pọn ọtí. Gbogbo wa la mọ ibi tí irú ẹ̀ máa ń já sí. Fall gbowó lọ́wọ́ àwọn olówó epo, Forbes ń ta ẹrù ọsibítù, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ fi máa tú jáde pátápátá, Harding ti kú ní San Francisco, ní August 2, 1923, ọmọ ọdún 57. Gbogbo Amẹ́ríkà ló sunkún ẹ̀, èèyàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí rélùweè ṣe ń gbé òkú ẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

Ìbéèrè mi ni pé, tí olórí ò bá gba kọ́bọ̀, tó jẹ́ àwọn tó yàn ló jalè, ṣé òun ló yẹ ká máa pè lólè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí.


Tísà_Àsèrò:

Ọmọ Lísàbi, o kú ìbéèrè. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Harding yìí gan-an torí kò ṣeé fi ẹnu kan sọ. Bàbá yẹn tọ̀nà níbì kan: títí dòní kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí pé Harding fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó epo yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bọ́rọ̀ ṣe rìn, torí ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé lọ̀rọ̀ wà.

Ilẹ̀ epo tá à ń sọ yìí, Teapot Dome ní Wyoming, Elk Hills àti Buena Vista ní California, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ti fi èédú sílẹ̀, epo ni wọ́n ń lò, ìjọba wá ní kí epo ibẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ títí dọjọ́ tógun bá dé. Abẹ́ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ló wà, kò sóhun tó kan mínísítà ilẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí May 1921, Harding ò tíì lo oṣù mẹ́ta tán lórí oyè, ló buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n kó ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi kí wọ́n gbé e fún Fall. Edwin Denby tó jẹ́ mínísítà ọmọ ogun ojú omi náà fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn? Ọwọ́ Harding ni.

Nígbà tó di April 1922, Fall gbé Teapot Dome fún Harry Sinclair, olówó epo kan, ní bòńkẹ́lẹ́, kò gbé e síta fún tẹ́ńdà, kò pe ẹnì kankan wá dá iye. Elk Hills bọ́ sọ́wọ́ Edward Doheny, olówó epo mìíràn. Ìwé ìròyìn gbọ́, àwọn séńétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, kí ni Harding wá ṣe? Ó kọ lẹ́tà sí Sẹ́nétì ní June 1922 pé wọ́n ti kó gbogbo ètò náà wá síwájú òun kí wọ́n tó ṣe é, òun sì fọwọ́ sí i látòkè délẹ̀. Ẹni tó kọ irú lẹ́tà yẹn, báwo la ṣe fẹ́ máa sọ fún ara wa pé kò mọ nǹkan kan?

Owó ńkọ́? Ní November 1921, Doheny fi 100,000 dọ́là, owó bébà ní kíkà, sínú báàgì dúdú kékeré kan, ó ní kọ́mọ ẹ̀ ọkùnrin gbé e láti New York lọ bá Fall nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ní Washington. Nígbà tí Sẹ́nétì wá pe Doheny, ó ní ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ni Fall, pé ẹ̀yáwó lòún yá a. Wọ́n ní ìwé ẹ̀yáwó dà, ó mú ìwé kan jáde, ibi tó yẹ kí Fall buwọ́ lù ti fà ya kúrò lára ẹ̀! Ẹ̀yin ará, ẹ foju inú wò ó, àgbàlagbà olówó ńlá, tó na ìwé tó ti ya dání níwájú àwọn aṣòfin. Fall fúnra ẹ̀ ti kọ́kọ́ purọ́ pé Edward McLean tó ni Washington Post ló yá òun lówó náà, McLean fúnra ẹ̀ sì sọ pé òun ò yá a.

Ohun tó tú àṣírí Fall ni pé kò lè fowó pamọ́. Ó ní oko màlúù kan ní New Mexico, ọdún ń gorí ọdún kò san owó orí ilẹ̀ náà, àfi bó ṣe di mínísítà tó san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọgbà tuntun, ọ̀nà tuntun, màlúù tuntun. Carl Magee, olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Albuquerque, ló wá ṣàlàyé ohun tó fojú ara ẹ̀ rí fún Sẹ́nétì. (Magee yìí kan náà ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń sowó sí kí wọ́n tó páàkì mọ́tò, lọ́dún 1935, ní Oklahoma City.) Thomas Walsh, séńétọ̀ Montana, ló fi sùúrù tú u wò ní ìwé kan dé ìwé kejì.

Ọdún 1929 nilé ẹjọ́ dá Fall lẹ́bi pé ó gba rìbá, ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti owó ìtanràn 100,000 dọ́là. Òun ni mínísítà Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó wẹ̀wọ̀n fún ohun tó ṣe nípò. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ilé ẹjọ́ dá Doheny sílẹ̀, wọ́n ní kò fún un ní rìbá. Rìbá kan náà o! Wọ́n fi ẹnì kan sẹ́wọ̀n pé ó gbà á, wọ́n ní kí èkejì máa lọ sílé pé kò fún un.

Èrò tèmi: kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fáwọn tó fẹ́ wọlé wò pé kò séwu.


Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni bàbá Sápọ́n tí ọmọ yìí ń sọ. Mo dúpẹ́ pé ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Tísà, ohun tó o kọ dáa, o sì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ ò mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí fáìlì ní sẹkitéríàtì ní Òkè-Mọ́sàn. Kí fáìlì tó dé tábìlì ọ̀gá pátápátá, ó ti gba ọwọ́ akọ̀wé, ó ti gba ọwọ́ ọ̀gá akọ̀wé, ó ti gba ọwọ́ dárẹ́kítọ̀, kálukú ti kọ tiẹ̀ sí i pé "mo dábàá kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i", kọmíṣọ́nnà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá á wá gbé e dání fúnra ẹ̀, á ní ọ̀gá, gbogbo ẹ̀ ti pé. Ọ̀gá á wo ojú ẹni tó gbé e wá ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Mo ti rí i kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Harding fúnra ẹ̀ sọ fún William Allen White, oníwèé ìròyìn bíi tiẹ̀, pé àwọn ọ̀tá òun kọ́ ló ń dà òun láàmú, àwọn ọ̀rẹ́ òun ni ò jẹ́ kóun sùn lóru. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kò tiẹ̀ séyìí tó sọ ohun tó ṣe dáadáa nínú yín, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Eugene Debs, ọkùnrin kan tí ìjọba tó wà níbẹ̀ ṣáájú rán lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá torí pé ó sọ̀rọ̀ lòdì sógun, tó jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ló wà tó fi dupò ààrẹ lọ́dún 1920 tó sì rí ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Woodrow Wilson kọ̀ jálẹ̀, kò dá a sílẹ̀. Harding ló ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà Kérésìmesì 1921, ó tún ní kó yà wá kí òun nílé ààrẹ kó tó lọ sílé. Alátakò ẹ̀ o! Àwa ará Abẹ́òkúta tọ́mọ wa MKO kú sátìmọ́lé lọ́dún 1998 lẹ́yìn tó dupò ààrẹ, ṣé àwa ló yẹ kẹ́nì kan máa ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún?

Ẹ tún gbọ́. October 26, 1921, ó lọ sí Birmingham ní Alabama, níbi tí wọ́n ti ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ sígi, ó dúró níwájú àwọn èèyàn funfun lápá kan, àwọn dúdú lápá kejì, ó ní ẹ̀tọ́ òṣèlú àti ìbò gbọ́dọ̀ dọ́gba fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn dúdú ń pariwo ayọ̀, àwọn funfun dákẹ́ lọ gbári. Ní June ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n sun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tulsa, ó lọ sí Lincoln University, ó bá àwọn ọmọ dúdú tó ń kẹ́kọ̀ọ́ yege níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni Azikiwe wa padà lọ kàwé. Ó ní kí wọ́n ṣòfin tó máa fìyà jẹ àwọn tó ń pààyàn láì ṣẹjọ́, ilé aṣojú gbà á lọ́dún 1922, àwọn séńétọ̀ apá gúúsù ló pa á. Òun kan náà ló pe àwọn orílẹ̀-èdè ńlá jọ sí Washington tí wọ́n fi dín ọkọ̀ ogun kù, òun ló ṣòfin tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì. Gbogbo èyí láàárín ọdún méjì àtoṣù díẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ Fall bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dáa.


ÌyáAláàdìrẹ_Ìtòkú:

Bàbá, ẹ ṣeun, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin àgbà ni ẹ kọ́ wa pé ká máa sọ òótọ́.

Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa Birmingham, mo gbà, ó wú mi lórí. Mo tiẹ̀ fẹ́ fi ọ̀kan kún un tẹ́ ò dárúkọ: òfin tó buwọ́ lù ní November 1921 tí ìjọba fi ń gbówó sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn aláboyún àtàwọn ọmọ jòjòló, Sheppard-Towner ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tuntun ń kú bí eṣinṣin nígbà yẹn. Obìnrin tó dìbò fún un rí nǹkan kan gbà.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ọ̀rọ̀ pé kò mọ̀, tàbí pé àwọn tó yàn ló ṣe é, àwa Ẹ̀gbá ti dáhùn ẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1947 tí àwọn ìyá wa kó ara wọn jọ lẹ́yìn Màmá Funmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kí ló gbé wọn dé Aké? Owó orí. Àwọn agbowó-orí ń já wọ ilé àwọn obìnrin, wọ́n ń bọ́ ọmọbìnrin sí ìhòòhò kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń san owó orí. Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́, ohùn ẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ṣé àwọn obìnrin yẹn lọ bi Kábíyèsí léèrè bóyá òun fúnra ẹ̀ ló bọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni láṣọ? Rárá o. Wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi gba owó náà, abẹ́ àṣẹ ẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n jókòó síwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n kọrin, títí ọ̀rọ̀ fi dé ibi tí Aláké Adémọ́lá fi lọ sí Òṣogbo ní January 1949. Ó padà wálé ní December 1950, wọ́n sì ń bu ọlá fún un títí dòní, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó orí obìnrin, wọ́n ti gbé e kúrò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní agbowó-orí nìkan ló jẹ̀bi ni, ibo ni ìyá wa ì bá dé?

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Nan Britton, ọmọbìnrin kan láti Marion níbẹ̀, ó bímọ obìnrin kan lọ́dún 1919, Elizabeth Ann. Ó ní Harding ló ni ín. Harding ń fowó ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ó kú láì fi ọmọ náà hàn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Nan sọ ọ́ síta lọ́dún 1927, wọ́n bú u, wọ́n pè é ní aṣẹ́wó, wọ́n pè é ní oníjìbìtì, ẹbí Harding ní irọ́ ni, pé ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ lè bímọ. Elizabeth Ann dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó kú lọ́dún 2005, wọ́n ṣì ń pe ìyá ẹ̀ ní òpùrọ́. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣàyẹ̀wò DNA láàárín ọmọkùnrin Elizabeth Ann àtàwọn mọ̀lẹ́bí Harding, ó bá ara mu rẹ́gí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rùn-ún ọdún tí orúkọ obìnrin kan àti tọmọ ẹ̀ fi jẹ èébú lórí òótọ́. Obìnrin kan náà tún wà, Carrie Phillips, ìyàwó ọ̀rẹ́ Harding nílùú Marion. Nígbà ìdìbò 1920 ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ fún un lówó, wọ́n ní kóun àtọkọ ẹ̀ rìnrìn àjò lọ sókè òkun kó má baà sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ìfẹ́ tí Harding kọ sí i, ọdún 2014 ni wọ́n tó ṣí i fáráyé rí.

Èyí ò sí lọ́wọ́ Fall, kò sí lọ́wọ́ Daugherty. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fowó pa ẹnu èèyàn dé nínú ilé, kò lè sọ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọ́fíìsì.


Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston:

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ epo ni mò ń ṣe níbí, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un lórí epo.

Àwọn tó ń gbèjà Fall máa ń sọ pé àwọn kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ yẹn ń fa epo ìjọba lọ lábẹ́ ilẹ̀, pé ó dáa kíjọba yáa wà á kó tó tán. Epo máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún ní Doheny gbà láti kọ́ táńkì epo fáwọn ọmọ ogun ojú omi ní Pearl Harbor. Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n tó bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fi gbé e síta fún tẹ́ńdà, kí ló dé tí owó fi wà nínú báàgì? Ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé kọ́ńtíráàtì méjèèjì lọ́dún 1927.

Bàbá, ọ̀rọ̀ Forbes lẹ ò kàn. Èyí gan-an ló yẹ ká fi wọn Harding. Forbes ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹrù tó jẹ́ tàwọn sójà ní Perryville ní Maryland, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, táwẹ́ẹ̀lì, bándéèjì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ tuntun ni, ó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú fún ilé iṣẹ́ kan ní Boston lásìkò táwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ń wá bẹ́ẹ̀dì. Dókítà tó ń tọ́jú Harding ló wá sọ fún un. Harding ní kó dá títa ẹrù náà dúró lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò fà á lé pólísì lọ́wọ́, ó jẹ́ kó lọ sí Yúróòpù, ibẹ̀ ló ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní February 1923. Lẹ́yìn tí Harding kú ni wọ́n tó gbé Forbes lọ sílé ẹjọ́, ó sì wẹ̀wọ̀n. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé wọ́n tàn án jẹ o, ó ti mọ̀, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, March, lọ́yà ilé iṣẹ́ Forbes, Charles Cramer, para ẹ̀. Ní May, Jess Smith tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Daugherty tímọ́tímọ́ kú ikú ìbọn nínú ilé tóun àti Daugherty jọ ń gbé.

Ire kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ jáde lójú tèmi ni ẹjọ́ McGrain àti Daugherty, 1927. Àbúrò Daugherty tó ní báńkì ní Ohio kọ̀ láti wá jẹ́rìí fún Sẹ́nétì, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní àwọn aṣòfin láṣẹ láti pe ẹnikẹ́ni wá, kó sì wá. Daugherty fúnra ẹ̀ bọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbìmọ̀ adájọ́ ò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Fall ò rí owó ìtanràn ẹ̀ san, ó di aláìní. Oko màlúù yẹn, ilé iṣẹ́ Doheny ló padà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kò san ẹ̀yáwó 100,000 dọ́là yẹn.


ỌmọLísàbi:

Áà! Ẹ̀yáwó inú báàgì yẹn náà ni wọ́n fi gbalé lọ́wọ́ ẹ̀? Mi ò mọ èyí rárá. Ìyá wa, mo dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ owó orí yẹn, mi ò ro ó débẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ sí ti Forbes?


Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ìyá Aláàdìrẹ, mo gbọ́ ẹ, Ọlọ́run á dá ọjà sí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, mi ò gbèjà ẹ̀, bàbá tó bá bímọ tó sì sá fún un, kò sóhun tí mo fẹ́ sọ.

Forbes: àánú ọ̀rẹ́ ló ṣe é, ó sì burú pé ó jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Herbert Hoover sọ. Ní Marion wọ́n kọ́ ibojì òkúta ńlá kan fún Harding, wọ́n kọ́ ọ tán, Coolidge tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ tó sì gbapò lẹ́yìn ẹ̀ kọ̀ láti wá ṣí i. Ọdún 1931 ni Hoover tó wá, ó dúró síwájú gbogbo èèyàn, ó ní àwọn díẹ̀ nínú àwọn tí Harding fọkàn tán ló dà á. Hoover ò ní láti sọ bẹ́ẹ̀, ààrẹ lòun náà, ó lè ṣe bíi ti Coolidge. Òun ló bá Harding ṣiṣẹ́, kì í ṣe àwa.


Tísà_Àsèrò:

Bàbá, ẹ ṣeun, Hoover yẹn gan-an ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú Harding nígbà tí wọ́n ń lọ sí Alaska ní July 1923, oṣù tó ṣáájú ikú ẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé ara ẹ̀ pé Harding pè é lọ sínú yàrá ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bi í pé: tó bá jẹ́ ìwọ lo mọ̀ pé ìwà ìbàjẹ́ ńlá kan wà nínú ìjọba wa, ṣé wàá tú u síta ni àbí wàá bò ó mọ́lẹ̀? Hoover ní kó tú u síta, ó kéré tán aráyé á mọ̀ pé olóòótọ́ ni. Harding ní ó léwu fún òṣèlú. Hoover béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, Harding dárúkọ Smith. Hoover wá béèrè bóyá ọwọ́ Daugherty wà níbẹ̀, ni Harding bá dákẹ́, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún un mọ́.

Ẹni tó fi ìwé ìròyìn jẹun láti kékeré, tó ń béèrè bóyá kóun bo ìròyìn mọ́lẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì í, Bàbá.


Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ara ẹ̀ ò dá mọ́ nígbà yẹn, Tísà. Ọkàn ẹ̀ ló pa á, kí ló kù fún un, ọ̀sẹ̀ díẹ̀.


ÌyáAláàdìrẹ_Ìtòkú:

Bàbá, ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn. Walsh lo oṣù lórí oṣù lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn sì jẹ́ alátakò. Tí Harding bá ti sọ gbólóhùn kan péré fún Sẹ́nétì kó tó wọkọ̀ lọ sí Alaska, Daugherty ì bá má jókòó sórí àga agbẹjọ́rò àgbà títí di March 1924.